Ọkọ̀ Kì Í Dúró De Olóyè: Èsì Lẹ́tà Yín Lórí Ọ̀rọ̀ Èbúté

Àwọn ọmọ wa tó wà ní London àti Houston ti dá àṣà tuntun sílẹ̀. Bí ìyá tàbí bàbá bá pé ẹni àádọ́rin ọdún báyìí, wọn kì í pe eléré, wọn kì í dá aṣọ ẹbí. Ọkọ̀ ìgbafẹ́ orí òkun ni wọ́n ń fi gbé wọn. Láti ìgbà náà ni lẹ́tà kò ti jẹ́ kí n rímú mí ní Ìlerò níbí. Mo mọ̀ pé àwọn kan ń bi ara wọn pé kí ni ará Òkè-Ògùn, tó jẹ́ pé tí kì í bá ṣe omi òjò, omi kànga ni, mọ̀ nípa òkun. Ẹ má dá wọn lóhùn. Ẹni tí òkun kò tíì tàn jẹ ló yẹ kó máa gbani nímọ̀ràn.

Ohun tó yà mí lẹ́nu nínú àwọn lẹ́tà náà ni pé kò sí ẹni tó bi mí nípa ìgbì. Kò sí ẹni tó bi mí nípa èébì. Ilẹ̀ ni gbogbo yín ń bẹ̀rù: bí ẹ ó ṣe sọ̀ kalẹ̀, àti bí ẹ ó ṣe padà sókè. Ẹ gbọ́n. Inú ọkọ̀, wọ́n ń ṣọ́ yín. Orí ilẹ̀, ọ̀rọ̀ di ti ẹni kọ̀ọ̀kan.

*

"Àgbà Èbúté, ẹ kú iṣẹ́. Ọmọ mi tó wà ní London sanwó ọkọ̀ ìgbafẹ́ fún mi. Ìwé tó fi ránṣẹ́ ní lọ́jọ́ kẹrin, Róòmù la ó dé. Mo ti sọ fún gbogbo ẹgbẹ́ ìyá ìjọ pé mò ń lọ wo ilé Póòpù. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan tó mọ̀wé jù wá sọ pé ibi tí ọkọ̀ máa dúró sí kì í ṣe Róòmù, pé Civitavecchia ló ń jẹ́. Ṣé wọ́n ti lu ọmọ mi ní jìbìtì ni? Ìyá Ìjọ, Ìlerò."

Ìyá mi, wọn kò lù ú ní jìbìtì, òwò ni wọ́n bá a ṣe. Róòmù kò sí létí òkun. Láti Civitavecchia dé ibẹ̀ tó nǹkan bí 80 kìlómítà. Àwọn ọlọ́kọ̀ mọ̀ pé kò sí ọmọ tó máa san owó gọbọi kí ìyá rẹ̀ lè lọ wo Civitavecchia, ni wọ́n ṣe kọ Róòmù gàdàgbà gàdàgbà síwájú, tí wọ́n wá ki orúkọ èbúté gan-an bọ inú àkámọ́ lẹ́yìn rẹ̀, wínníwínní bí ẹsẹ̀ eèrà. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ kó yé yín. Ká ní ẹnì kan kọ́ ilé ìtura sí ẹ̀gbẹ́ ọjà wa níhìn-ín, tó wá kọ ọ́ sára pátákó pé "Ìbàdàn (Ìlerò)". Kò purọ́. Ọ̀nà kúkú wà láti ìhín dé Ìbàdàn. Ṣùgbọ́n àlejò tó bá sùn síbẹ̀, tó ń retí pé òun yóò jí, òun yóò sì máa wo Gbọ̀ngàn Mápó lójú fèrèsé, ó ti bá ti ẹ̀ jẹ́.

Kì í ṣe Róòmù nìkan. Bí ẹ bá rí "Paris" nínú ìwé ọkọ̀, Le Havre ni wọ́n ń sọ, Paris wá tó nǹkan bí 200 kìlómítà sí ibẹ̀. Bí wọ́n bá kọ "Florence", Livorno ni. Àwọn òyìnbó Amẹ́ríkà pàápàá kò bọ́ níbẹ̀, nítorí wọ́n ń ta "London" fún wọn, Southampton ni wọ́n sì ń já wọn sí, nǹkan bí 130 kìlómítà sí ààfin ọba. Ẹni tó bá ń ka ìwé ọkọ̀, inú àkámọ́ ni kó ti bẹ̀rẹ̀.

Bí ẹ ṣe máa dé Róòmù ló kù. Ọ̀nà méjì ló wà. Èkíní ni ọkọ̀ ojú irin. Owó rẹ̀ kò pọ̀, ó sì ń gbà tó wákàtí kan tàbí kó lé díẹ̀. Èkejì ni bọ́ọ̀sì tí àwọn ọlọ́kọ̀ fúnra wọn ṣètò. Owó ìyẹn máa ń dun olówó. Ọmọ yín á sọ pé ọkọ̀ ojú irin náà dáa, pé gbogbo èèyàn ló ń wọ̀ ọ́. Òótọ́ ló sọ, ṣùgbọ́n ẹ má gbà fún un. Ìdí ni pé bí bọ́ọ̀sì àwọn ọlọ́kọ̀ bá há sínú sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ, ọkọ̀ yóò dúró dè é, torí àwọn fúnra wọn ló kó èrò náà lọ. Bí ọkọ̀ ojú irin bá pẹ́, ọ̀rọ̀ ẹ̀yin àti ẹni tó wà á nìyẹn. Ẹ sọ fún ọmọ yín pé orúnkún ń dùn yín. Bí kò bá dùn yín, ẹ máa fọwọ́ pa á títí yóò fi sanwó bọ́ọ̀sì.

Nípa ti aṣọ, ẹ máyà le. Nínú ṣọ́ọ̀ṣì ńlá Peteru Mímọ́, wọn kì í gba ẹni tó bá fi èjìká tàbí orúnkún sílẹ̀ wọlé. Ẹ ó rí àwọn òyìnbó oníṣòkòtò péńpé tí wọ́n ń wá aṣọ tí wọ́n máa fi bo ara kiri lójú oòrùn. Ẹ̀yin ti wọ ìró àti bùbá láti ilé, ẹ kọjá lára wọn jẹ́jẹ́, kí ẹ má sì rẹ́rìn-ín sókè. Bó bá ṣe Ọjọ́rú lẹ dé ibẹ̀, ó ṣeé ṣe kí ẹ rí Póòpù, torí ọjọ́ náà ló sábà máa ń jáde sí àwùjọ. Lọ́jọ́ mìíràn, ẹ lè rí ilé kí ẹ má rí onílé. Bí ẹ bá padà dé Ìlerò, tí ẹgbẹ́ ìyá ìjọ bá bi yín léèrè, ẹ ní ẹ kí i títí, kò sí nílé. Irọ́ ò sí ńbẹ̀.

*

"Àgbà Èbúté, olóyè ni mí, ìlú mi kò jìnnà sí Ìṣẹ́yìn. Ọmọ mi ní tí wọ́n bá ní kí gbogbo èrò ti wọlé ní agogo márùn-ún, kí n ti wà lẹ́nu ọ̀nà ọkọ̀ ní agogo mẹ́rin. Èmi kì í tètè dé òde. Àwọn tó ń to àga ló ń tètè dé. Ṣé ọ̀gá tó ń wa ọkọ̀ náà kò mọ iyì oyè ni? Olóyè Tí Kì Í Kánjú."

Kí oyè mọ́ yín lórí, Olóyè. Ọ̀gá ọkọ̀ mọ iyì oyè, owó èbúté ni kò mọ̀ ọ́n. Wọ́n ń sanwó lórí ibi tí ọkọ̀ so sí. Ẹni tó máa tọ́ ọkọ̀ jáde lójú omi ti wà nílẹ̀, ó ní wákàtí tí wọ́n bá a dá. Ọkọ̀ mìíràn tún lè máa bọ̀ tó fẹ́ so síbi kan náà. Àwọn ọkọ̀ wọ̀nyí sì ti kọjá ohun tí ẹnì kan ń dá dúró. Èyí tí wọ́n ń pè ní Icon of the Seas, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2024, lè kó èrò tó lé ní 7,000. Àwọn tí wọ́n tó báyẹn kò ní jókòó sójú kan nítorí agbádá kan ṣoṣo.

Agogo tí wọ́n dá fún yín kì í tún ṣe agogo tí ọkọ̀ máa gbéra. Ó sábà máa ń fi ààbọ̀ wákàtí tàbí wákàtí kan ṣáájú rẹ̀. Bó bá ti lù, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í wo inú ẹ̀rọ wọn. Káàdì kan wà tí wọ́n ń fún olúkúlùkù, àwòrán ojú yín wà nínú ẹ̀rọ tó ń kà á, wọ́n ń tẹ̀ ẹ́ bí ẹ bá ń jáde, wọ́n ń tẹ̀ ẹ́ bí ẹ bá ń wọlé. Iṣẹ́jú kan ni wọ́n fi ń mọ̀ pé olóyè kò tíì dé. Wọ́n lè wá lọ sí yàrá yín, kí wọ́n ṣí àpótí tí ẹ ń kó nǹkan iyebíye sí, kí wọ́n mú páásípọ́ọ̀tù yín, kí wọ́n fi lé aṣojú wọn lọ́wọ́ ní èbúté. Wọ́n á fa àtẹ̀gùn wọlé. Ẹ̀yin lẹ máa fi owó ara yín wọ bàálù tàbí ọkọ̀ lọ bá wọn ní èbúté tó kàn.

Ìyẹn kò tíì burú. Èyí tó burú ni àwọn èrò tó ti wọlé. Ní wákàtí yẹn gan-an ni wọ́n ń gun òkè ọkọ̀ lọ, tí olúkúlùkù mú ife dání lọ́wọ́ kan, fóònù lọ́wọ́ kejì, tí wọ́n ń retí ẹni tó máa sáré. Bí ẹnì kan bá yọ lókèèrè tó ń sáré bọ̀, wọ́n á hó yèè. Wọ́n á pàtẹ́wọ́. Wọ́n á ya fídíò rẹ̀. Kí ẹ tó dé ilé, gbogbo Ìṣẹ́yìn yóò ti wo bí agbádá yín ṣe ń fẹ́ lẹ́lẹ́ ní èbúté Barcelona, àwọn ọmọ kéékèèké yóò sì ti fi orin sí i.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí ọmọ yín máa purọ́ fún yín. Bí wọ́n bá ní agogo márùn-ún, kó sọ fún yín pé mẹ́ta ni. Ẹ ó pẹ́ bí ẹ ṣe máa ń pẹ́, ẹ ó sì dé lásìkò. Ẹ fi fóònù sápò tó bá kan ti agogo. Aago ọkọ̀ nìkan lẹ máa tẹ̀ lé, torí fóònù ń gba aago ilẹ̀ tó bá ti gbóòórùn rẹ̀. Vigo wà ní Sípéènì, Lisbon wà ní Potogí, ẹ̀gbẹ́ ara wọn ni wọ́n wà, síbẹ̀ wákàtí kan ló wà láàárín wọn. Ẹ ra aago ọwọ́ olówó pọ́ọ́kú, ẹ bá ti inú ọkọ̀ mu, kí ẹ má sì fọwọ́ kàn án mọ́. Bí ó bá jẹ́ pé dandan ni kí àwọn èèyàn dúró dè yín, yàrá oúnjẹ wà. Ẹ máa pẹ́ níbẹ̀ lálaalẹ́.

*

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan kọ̀wé láti Peckham. Ìyàwó rẹ̀ ní páásípọ́ọ̀tù Bìrìtìkó, tirẹ̀ jẹ́ ti Nàìjíríà. Ìyàwó ní nítorí pé inú ọkọ̀ ni wọ́n á máa sùn, ọkọ òun kò nílò físà kankan.

Ọmọ mi, ìyàwó rẹ fẹ́ lọ fún ìsinmi, ìwọ gan-an ló sì fẹ́ sinmi lọ́wọ́ rẹ̀. Bí ọkọ̀ bá ń lọ sí Sípéènì, Faransé àti Ítálì, físà Schengen ni kí o wá, kó sì jẹ́ èyí tí o lè fi wọlé ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ọkọ̀ lè ya Morocco, kó tún padà sí Sípéènì. Pípadà yẹn, wíwọlé tuntun ni lójú òfin. Kí o tún rí i dájú pé ìwé tó fún ọ láyè láti gbé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì yóò jẹ́ kí o padà wọlé. Bí ìwé rẹ kò bá pé, kì í ṣe Róòmù ni wọ́n á ti dá ọ padà. Ní Southampton níbẹ̀ ni, lójú ẹrù rẹ. Ọkọ̀ yóò gbéra, ìyàwó rẹ yóò sì wà nínú rẹ̀. Má retí pé yóò máa sunkún títí dé Vigo.

Ṣùgbọ́n bí o bá fẹ́ gbẹ̀san, ọ̀nà wà. Àwọn ọkọ̀ ìgbafẹ́ kan wà tí wọ́n ń gba etí òkun Áfíríkà wa kọjá, tí wọ́n ń ya Lomé àti Kútọnu. Mú un wọ ọ̀kan. Láti àdéhùn ECOWAS ti 1979, ọmọ Nàìjíríà lè wọ Tógò tàbí Bẹ̀nẹ̀ láìgba físà, kó sì lo 90 ọjọ́ níbẹ̀. Ìyàwó rẹ ló máa wá físà lọ́jọ́ yẹn. Gbé páásípọ́ọ̀tù aláwọ̀ ewé rẹ sókè dáadáa kó rí i. Bí ẹ bá dé Kútọnu, àwọn yòókù yóò lọ wo Ganvié, ìlú tí wọ́n kọ́ sórí omi, tàbí kí wọ́n lọ sí Ouidah. Ìwọ mú un lọ sí Àjàṣẹ́, tí wọ́n ń pè ní Porto-Novo. Yorùbá pọ̀ níbẹ̀, ìwọ ni ògbufọ̀, ohun tó bá wù ọ́ ni kí o túmọ̀ fún un. (Àwa ará Òkè-Ògùn ní tiwa, Òkèrètè la máa ń gbà dé Bẹ̀nẹ̀, lórí ọ̀kadà. Kò sẹ́ni tó ń fún wa ní káàdì.)

*

"Àgbà Èbúté, wọ́n ní ní erékùṣù Santorini, ọkọ̀ ńlá kì í dé etí ilẹ̀, pé inú ọkọ̀ kékeré ni wọ́n ń kó èèyàn sí lórí agbami. Mo tóbi díẹ̀. Ọkọ mi ní kí n pa 'díẹ̀' rẹ́. Mo tún gbọ́ pé tí a bá gúnlẹ̀ tán, kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ni wọ́n fi ń gòkè. Ṣé kí n jókòó sínú ọkọ̀ ni? Arẹwà Onílẹ́ẹ̀sì, Houston."

Arẹwà mi, kí ọkọ yín lọ pa tirẹ̀ rẹ́. Ẹ máa sọ̀ kalẹ̀. Òótọ́ ni pé ibì kan wà tí omi kò ti jìn tó, tàbí tí kò sí wọ́ọ̀fù tó gba ọkọ̀ ńlá. Ọkọ̀ á dúró lókèèrè, àwọn ọkọ̀ kéékèèké á máa kó èrò lọ, wọ́n á máa kó wọn bọ̀. Lọ́pọ̀ ìgbà, àwọn ọkọ̀ tí wọ́n gbé kọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ ńlá fún ọjọ́ ewu náà ni. Atukọ̀ méjì á dúró lẹ́nu ọ̀nà, ọ̀kan á di apá ọ̀tún yín mú, èkejì á di ti òsì. Wọ́n lágbára, wọ́n sì máa ń jẹ́ ọ̀dọ́. Ẹ má gbọn ọwọ́ wọn dànù nítorí pé ọkọ yín ń wò. Bí ìgbì bá le jù, ọ̀gá ọkọ̀ lè fagi lé e, kò sì sí ẹni tó máa sọ̀, tẹ́ẹ́rẹ́ àti títóbi.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú àwọn bàbá wa rí, kí ẹ lè mọ̀ pé ìgbádùn lẹ wà. Kí wọ́n tó fi òkúta ṣe ògiri ńlá sẹ́nu òkun ní Èkó, iyanrìn dí ẹnu ọ̀nà náà débi pé ọkọ̀ ńlá kò lè kọjá. Ọdún 1914 ni àwọn ọkọ̀ agbami tó bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé. Ṣáájú ìgbà náà, òkèèrè ni ọkọ̀ ń dúró sí. Báwo lèèyàn ṣe ń sọ̀? Wọ́n ń kó o sínú àpótí onígi kan tó ní ìjókòó, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbé ẹrù á gbé e sókè, á sì fì í rékọjá ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀, á sọ̀ ọ́ sínú ọkọ̀ kékeré tí ìgbì ń gbé sókè gbé sódò. "Mammy chair" ni wọ́n ń pe àpótí náà. Ní Accra, àwọn atukọ̀ alájẹ̀ ló ń gba èrò àti ẹrù, wọ́n á máa wà á gba inú ìgbì dé etí ilẹ̀, ó sì rí bẹ́ẹ̀ títí èbúté Tema fi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ gidi ní 1962. Lọ́yà wà nínú àpótí yẹn. Bíṣọ́ọ̀bù wà nínú rẹ̀. Ìyàwó gómìnà náà wà nínú rẹ̀, fìlà oníyẹ̀ẹ́ lórí. Kò sí ẹni tó ń béèrè pé ta ló tóbi. Ìgbà tí ọkọ̀ Aureol ti ilé iṣẹ́ Elder Dempster fi dé ní 1951, tó ń ná Liverpool sí Èkó, tó ń ya Las Palmas àti Freetown, wọ́ọ̀fù ti wà ní Àpápá. Àwọn tó lọ kàwé ti ń fi ẹsẹ̀ ara wọn sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú kóòtù àti ìbọ̀wọ́. Láti 1974 tí ọkọ̀ náà ti fi ojú ọ̀nà yẹn sílẹ̀, bàálù ni gbogbo wa ń wọ̀, ni a fi gbàgbé pé sísọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ jẹ́ iṣẹ́.

Ní ti Santorini, láti etí omi dé ìlú Fira lókè, ọ̀nà mẹ́ta ló wà. Èyí tó ń rìn lórí okùn irin wà, àtẹ̀gùn tó tó nǹkan bí 600 wà, kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ náà wà. Ní 2018, ìjọba Gíríìsì ṣòfin pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ di ẹrù tó ju 100 kìlógíráàmù lọ lé kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́, tàbí èyí tó ju ìdá kan nínú márùn-ún ìwọ̀n ẹranko náà. Òfin náà kò sọ bóyá gèlè wà lára ẹrù. Ẹ tètè sọ̀ kalẹ̀, kí ẹ wọ ti okùn irin, torí bí ọkọ̀ ńlá mẹ́ta bá dé lọ́jọ́ kan náà, ìlà ibẹ̀ á gùn ju ti epo bẹntiróòlù lọ. Ẹ má fẹsẹ̀ sọ àtẹ̀gùn náà o. Ojú ọ̀nà kan náà ni kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ń gbà, wọn kì í sì í dá ìgbẹ́ dúró. Ẹ ní kí ọkọ yín tó mọ ẹni tó tóbi gun kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ kan, kí ẹ̀yin dúró lókè, kí ẹ ya fọ́tò rẹ̀ nígbà tó bá ń bọ̀.

*

Àwọn tó kù, ẹ jẹ́ kí n fi kíákíá dá wọn lóhùn.

Ìyá kan ní Ṣakí fẹ́ di élùbọ́, ẹran gbígbẹ àti ọsàn dání nígbàkúùgbà tó bá ń sọ̀ kalẹ̀, kí ebi má bàa pa á nílùú onílùú. Ìyá, ẹ fi ẹran àti ọsàn sílẹ̀ nínú ọkọ̀. Ọ̀pọ̀ ìlú kì í gbà kí èso tàbí ẹran inú ọkọ̀ dé ilẹ̀ wọn. Ní Ọsirélíà, ajá ló ń gbóòórùn báàgì, ìtanràn sì wà lẹ́yìn ajá. Oúnjẹ tí ọmọ yín ti sanwó rẹ̀ ń dúró dè yín lókè.

Ọ̀gbẹ́ni tó fẹ́ wọ ṣòkòtò àwọ̀ sójà lọ sí Barbados àti Jamaica: má dán an wò. Òfin kò gba aráàlú láyè láti wọ irú aṣọ bẹ́ẹ̀ níbẹ̀, ọmọdé pàápàá kò gbọdọ̀ wọ̀ ọ́. Ó yẹ kí o ti mọ̀ láti ilé. Sójà tiwa kì í fi òfin ṣàlàyé, orí ilẹ̀ ni wọ́n máa ń ní kí o yí.

Awakọ̀ takisí tó bá pàdé yín lẹ́nu ọ̀nà èbúté, ẹ ná an kí ẹ tó wọlé, ẹ bi í bóyá owó àlọ ni tàbí àlọ àtàbọ̀, bóyá ti èèyàn kan ni tàbí ti gbogbo yín. Bí kò bá gbà, ẹ máa lọ. Yóò pè yín padà. Bó bá máa dá yín padà sínú ọkọ̀, ẹ mú owó dání títí yóò fi ṣe bẹ́ẹ̀. Kò ní jẹ́ kí ẹ pẹ́.

Bàbá kan láti Òkèhò wá kọ̀wé pé òun kò fẹ́ sọ̀ kalẹ̀ rárá, ní èbúté kankan, pé àwọn ọmọ òun ń pe òun ní ará oko. Bàbá, ẹ̀yin lẹ gbọ́n jù nínú gbogbo wọn. Ọjọ́ tí ọkọ̀ bá so ni ọ̀pọ̀ èrò ń jáde. Odò ìwẹ̀ á ṣófo, àga á pọ̀ lábẹ́ ìbòòji, àwọn tó ń gbé oúnjẹ kò ní rí ẹlòmíràn tí wọ́n máa gbé e fún, kò sì sí ẹni tó máa ní kí ẹ wá wo òkúta. Nǹkan kan péré ni kí ẹ ṣọ́ra fún: bí ìyàwó yín bá ń sọ̀ kalẹ̀, ẹ gba káàdì yín lọ́wọ́ rẹ̀. Owó inú rẹ̀ lẹ fi ń mu nǹkan.

Lẹ́tà tó kù di oṣù tó ń bọ̀. Ẹni tí ọkọ̀ bá ti fi sílẹ̀, kó má kọ̀wé sí mi mọ́ o. Ìlerò jìnnà. Kó lọ bá aṣojú ọkọ̀ ní èbúté, ọwọ́ rẹ̀ ni páásípọ́ọ̀tù wà.